Àwọn Òṣìṣẹ́ Ìkọ̀kọ̀ Inú Òkun àti Oògùn Àrùn Jẹjẹrẹ

Ní Baruwa níhìn-ín, àti ní Ìpájà, Ẹgbẹ́dá, Ìkòtún àti Ìgándò tí ó yí wa ká, àrùn jẹjẹrẹ kì í ṣe ohun tí a ń gbọ́ ìròhìn rẹ̀ láti òkèèrè mọ́. Ó ń wọ ilé olówó, ó ń wọ ilé tálákà. Ó ń mú ìyá lọ́wọ́ ọmọ, ó sì ń mú ọmọ lọ́wọ́ ìyá. Gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí nípa àrùn yìí gbé jáde fún ọdún 2022, àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mú ní ilẹ̀ Nàìjíríà nínú ọdún kan ṣoṣo náà ju 120,000 lọ, àwọn tí ó sì kú ju 75,000 lọ. Àwa tí a máa ń bẹ àwọn aláìsàn wò nínú ilé wọn mọ̀ pé ìbéèrè kan náà ni ó ń jáde lẹ́nu àwọn ará ilé nígbà tí dókítà bá ti dárúkọ àrùn náà: "Ǹjẹ́ ó ní oògùn? Níbo ni oògùn náà ti ń wá?"

Ìdáhùn sí ìbéèrè èkínní ni pé bẹ́ẹ̀ ni, oríṣi jẹjẹrẹ púpọ̀ ní oògùn tí ó lè wò ó sàn tàbí tí ó lè dá a dúró, pàápàá bí a bá tètè rí i. Ìdáhùn sí èkejì ni ó yani lẹ́nu. Òmíràn nínú àwọn oògùn wọ̀nyí ń wá láti ara ewé àti èèpo igi, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti mọ̀ pé igbó kún fún oògùn. Ṣùgbọ́n òmíràn ń wá láti ìsàlẹ̀ òkun, láti ara àwọn ẹran kékeré tí apẹja kì í fẹ́ rí nínú àwọ̀n rẹ̀. Ohun tí ó tún ya àwọn ọ̀mọ̀ràn fúnra wọn lẹ́nu ni èyí: nígbà tí wọ́n wádìí títí, wọ́n rí i pé nínú ọ̀pọ̀ àwọn ẹran wọ̀nyí, kì í ṣe ẹran náà ni ó ń ṣe oògùn. Àlejò tí ń gbé inú ara rẹ̀ ni ó ń ṣe é, àlejò tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò fi lè rí i. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn àlejò yìí yóò mọ ìdí tí oògùn jẹjẹrẹ fi ṣọ̀wọ́n, ìdí tí ó fi wọ́n lówó, àti ìdí tí kò fi lè wà nínú ìgò tí wọ́n ń kiri nínú ọkọ̀.

Ọ̀TÁ TÍ Ó TI INÚ ILÉ WÁ

Kí a tó sọ ti oògùn, ó yẹ kí a mọ àrùn. Ara ènìyàn dà bí ilé tí a fi bíríkì tí kò lóǹkà kọ́. Bíríkì kọ̀ọ̀kan ni àwọn dókítà ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n bíríkì wọ̀nyí wà láàyè. Bí ọwọ́ bá bó, àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ó wà ní etí egbò yóò máa pín sí méjì méjì títí ojú egbò yóò fi dí, lẹ́yìn náà wọn yóò dúró. Ìgbọràn yìí ni ìlera wa. Àrùn jẹjẹrẹ ni kí sẹ́ẹ̀lì kan kọ̀ láti dúró: ọ̀kan di méjì, méjì di mẹ́rin, mẹ́rin di mẹ́jọ, títí wọn yóò fi di kókó, tí wọn yóò máa jẹ oúnjẹ tí ó tọ́ sí àwọn yòókù, tí wọn yóò sì rán ọmọ wọn gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ tẹ ibòmíràn dó.

Ìdí nìyí tí ìwòsàn rẹ̀ fi ṣòro. Kòkòrò tí ń fa ibà wá láti òde. A lè rí májèlé tí yóò pa á tí kò ní pa wá. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ni sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, àwọn àgbà sì ti wí pé bí ikú ilé kò bá pani, tòde kò lè pani. Májèlé tí yóò mú un ní láti lágbára, ó sì ní láti mọ ẹni tí yóò mú: kí ó mú ẹni tí ń pín láìsinmi, kí ó sì dá ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sí. Irú májèlé bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀ràn wá lọ sínú òkun.

KÀNÌNKÀNÌN TÍ KÒ NÍ EYÍN

Gbogbo wa ni a mọ kànìnkànìn. A sì ti kà nípa rẹ̀ nínú ìtàn ìjìyà Olúwa wa. Kànìnkànìn tí a fi ń wẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ara igi ni a ti ń bó o. Ṣùgbọ́n ti inú òkun, ohun abẹ̀mí ni, ó sì jẹ́ ọ̀kan nínú ìdílé àwọn ẹranko. Ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí àpáta ní ìsàlẹ̀ omi. Kò ní ẹsẹ̀ tí yóò fi sá, kò ní ìkarahun bí ìgbín, kò ní eyín, kò ní ìwo. Ó ń fa omi òkun sínú, ó ń sẹ́ oúnjẹ rẹ̀ nínú omi náà, ó sì ń tú omi jáde. Síbẹ̀ àwọn ẹja kò jẹ irú rẹ̀ run. Kí ni ó ń dáàbò bò ó? Nínú ọ̀pọ̀ wọn, májèlé ni.

Ní ọdún 1945, ọ̀mọ̀ràn kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Werner Bergmann kó irú kànìnkànìn kan ní etí òkun Florida ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó bá ohun àjèjì kan nínú rẹ̀. Kí ohun yìí lè yé wa, ẹ jẹ́ kí a mọ̀ pé nínú sẹ́ẹ̀lì gbogbo ni ìwé àbùdá wà, èyí tí ó dà bí ìwé ìlànà tí ń sọ iṣẹ́ tí sẹ́ẹ̀lì yóò ṣe. Nígbàkígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, ó ní láti kọ́kọ́ da ìwé yìí kọ. Ohun tí Bergmann bá nínú kànìnkànìn jọ èròjà tí a fi ń kọ ìwé náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun gan-an. Láti inú àpẹẹrẹ yìí ni àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì ti ṣe oògùn tí a ń pè ní cytarabine ní ọdún 1959. Ìjọba Amẹ́ríkà sì fọwọ́ sí lílò rẹ̀ ní ọdún 1969. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ tí ń kánjú àtipín yóò gbà á bí ẹni tí ó gba owó ayédèrú láìwò ó. Nígbà tí ó bá fẹ́ ná an, iṣẹ́ rẹ̀ yóò dúró. Títí di òní, cytarabine wà lára àwọn olórí oògùn tí dókítà fi ń tọ́jú jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, ó sì wà nínú ìwé tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kọ orúkọ àwọn oògùn tí kò yẹ kí orílẹ̀-èdè kankan ṣe aláìní sí.

Òun nìkan kọ́. Láti ara kànìnkànìn mìíràn tí a rí ní òkun ilẹ̀ Japan, tí a kéde ohun inú rẹ̀ ní ọdún 1986, ni a ti rí àpẹẹrẹ fún oògùn eribulin, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní ọdún 2010 fún jẹjẹrẹ ọmú tí ó ti tàn káàkiri ara.

OGÚN ÀPÒ SÌMẸ́ŃTÌ FÚN GÍRÁÀMÙ KAN

Cytarabine rọrùn, onímọ̀ kẹ́mísìrì lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é láìpadà lọ sínú òkun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo oògùn ni ó rí bẹ́ẹ̀. Nínú Òkun Karibíà, lára gbòǹgbò àwọn igi àbàtà tí ẹsẹ̀ wọn wà nínú omi iyọ̀, irú igi tí àwọn tí ń gba ojú omi lọ sí Bàdágrì ń rí, ẹran kan wà tí kò ní egungun, tí ó dà bí àwọn àpò kéékèèké tí a so pọ̀ mọ́ra. Orúkọ tí àwọn ọ̀mọ̀ràn fún un ni Ecteinascidia turbinata. Láti ọdún 1969 ni a ti ṣàkíyèsí pé omi ara rẹ̀ ń bá sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ jà. Ṣùgbọ́n ó di ọdún 1990 kí àwọn ọ̀mọ̀ràn, tí Kenneth Rinehart ti Yunifásítì Illinois wà lára wọn, tó lè tẹ àwòrán ohun tí ń ṣiṣẹ́ náà jáde.

Kí ni ó mú un pẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Ohun náà kò pọ̀ ni. Nǹkan bí tọ́ọ̀nù kan ẹran yìí ni a ní láti lọ̀ kí a tó rí gíráàmù kan. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ná ọjà, ẹ gbé èyí lé orí òṣùwọ̀n: ogún àpò sìmẹ́ǹtì ni tọ́ọ̀nù kan, gíráàmù kan iyọ̀ kò sì tó ìdámẹ́rin ṣíbí tíì.

Ìṣòro kan náà bá ẹran mìíràn, Bugula neritina, tí ó dà bí koríko pupa rúsúrúsú, tí ó máa ń lẹ̀ mọ́ ìdí ọkọ̀ ojú omi tí àwọn awakọ̀ sì máa ń ha dànù. A kó o láti Ìyawọ̀ Omi Mẹ́síkò ní ọdún 1968. George Pettit ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Arizona lo ọdún púpọ̀ lórí rẹ̀, ó sì kéde àwòrán ohun tí ń jẹ́ bryostatin 1 ní ọdún 1982. Nígbà tí a ń wá èyí tí a ó fi dán an wò lára àwọn aláìsàn, nǹkan bí tọ́ọ̀nù 13 ẹran yìí ni a lọ̀, gíráàmù 18 péré ni a rí. Bí ó bá jẹ́ pé ọ̀nà yìí nìkan ni ó wà, a ó ti pa ẹran náà run nínú òkun kí oògùn tó kárí àwọn aláìsàn ìlú kan.

ÀLEJÒ TÍ Ó Ń SAN OWÓ ILÉ

Ọ̀ràn yìí ni ó mú kí àwọn ọ̀mọ̀ràn béèrè gidigidi pé, ta ni ó ń ṣe oògùn yìí gan-an? Wọ́n fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo àwọn ọmọ Bugula, wọ́n sì bá bakitéríà nínú wọn, ìyẹn àwọn ohun abẹ̀mí tí ó jẹ́ sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo péré. Ní ọdún 1997, Margo Haygood àti Seana Davidson ní Kalifọ́níà fún bakitéríà náà ní orúkọ. Nígbà tí wọ́n fi oògùn apakòkòrò dín bakitéríà kù nínú ẹran náà, bryostatin náà dín kù pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tí ó bá lé alágbẹ̀dẹ tí kò sì gbọ́ ìró òòlù mọ́, ó ti mọ ẹni tí ń rọ ọkọ́.

Èrè kí ni àlejò yìí ń mú wá fún ẹni tí ó gbà á sílé? Ọmọ Bugula tóbi, kò yára, ẹja sì lè rí i kedere. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹja bá gbé e sẹ́nu, yóò tu ú dà, nítorí bryostatin ti bo ara rẹ̀, kò sì dùn lẹ́nu. Àlejò rí ilé àti oúnjẹ; onílé rí ẹ̀ṣọ́ fún ọmọ rẹ̀. Owó ilé ni oògùn náà.

Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ ṣe àjèjì sí ẹ̀yin ìyàwó ilé. Obìnrin tí ó rẹ àgbàdo fún ògì kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ ọ́ di kíkan. Ẹni tí ó se irú, tí ó sì bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kò fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un ní òórùn àti adùn. Bakitéríà ni ó ṣe é. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni àwọn ìyá wa ti ń gba àwọn òṣìṣẹ́ ìkọ̀kọ̀ wọ̀nyí sí iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn apẹja mọ kòkòrò omi tí ń lu igi ọkọ̀ wọn títí yóò fi dà bí afárá oyin: bakitéríà tí ń gbé inú kòkòrò náà ni ó ń bá a sọ igi líle di oúnjẹ, ọ̀kan nínú wọn, Teredinibacter turnerae, sì ń ṣe ohun tí ń pa àwọn bakitéríà mìíràn. Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Níbi tí a ti mọ òṣìṣẹ́ ni ọ̀nà ti là. Ó ṣòro láti sin ẹran inú òkun kí ó tó. Ṣùgbọ́n bakitéríà tí ó bá gbà láti gbé nínú agbada ṣe é sìn, gẹ́gẹ́ bí alábúrẹ́dì ti ń sin ìwúkàrà nínú ìyẹ̀fun pípò. Ilé-iṣẹ́ PharmaMar ti ilẹ̀ Spéìn, tí ó gba iṣẹ́ oògùn ẹran Karibíà yẹn ṣe, kọ́kọ́ gbìyànjú láti sin ẹran náà nínú omi. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yíjú sí bakitéríà kan tí ń jẹ́ Pseudomonas fluorescens, tí ó ń ṣe ohun kan tí ó jẹ́ ìbátan oògùn náà. Wọ́n sìn ín nínú àwọn agbada ńlá, wọ́n gba ohun tí ó ṣe, àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì sì parí èyí tí ó kù. Báyìí ni oògùn trabectedin fi di ohun tí ó tó lò. Àwọn ìjọba Yúróòpù fọwọ́ sí i ní ọdún 2007 fún irú jẹjẹrẹ kan tí ń mú iṣan àti ọ̀rá ara. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i ní ọdún 2015. Ní ọdún 2011, àwọn ọ̀mọ̀ràn Yunifásítì Michigan tẹ ìwádìí kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti ka ìwé àbùdá gbogbo ohun tí ń gbé inú ẹran Karibíà náà, wọ́n sì tọ́ka sí bakitéríà tí ń ṣe oògùn náà fún un. Ní ọdún 2014 pẹ̀lú, Jörn Piel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nínú kànìnkànìn kan tí ń jẹ́ Theonella swinhoei, bakitéríà kan ni ó ń ṣe ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo májèlé tí a mọ̀ mọ́ kànìnkànìn náà.

BÍ A TI Ń WÁ A

Ẹ má ṣe rò pé wíwá yìí jẹ́ iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn òmùwẹ̀ yóò kọ́kọ́ rì sísàlẹ̀, wọn yóò bu díẹ̀ lára ẹran, wọn yóò sì kọ ibi tí wọ́n ti rí i àti bí omi ibẹ̀ ti jìn tó sílẹ̀. Ní ilé àyẹ̀wò, wọn yóò fọ̀ ọ́, wọn yóò lọ̀ ọ́, wọn yóò sì gbin àwọn bakitéríà inú rẹ̀ sínú àwo tí a fi oúnjẹ sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò kọ̀ láti hù, nítorí ẹni tí ó ti gbé inú ilé ẹlòmíràn láti ìrandíran kò mọ bí a ti ń dá oúnjẹ jẹ mọ́. Fún irú àwọn wọ̀nyí ni a fi ń ka ìwé àbùdá: bí a kò bá lè rí òṣìṣẹ́ mú wá sí ilé, a lè da ìwé iṣẹ́ rẹ̀ kọ, kí a sì fi í fún bakitéríà mìíràn tí ó gbọ́ràn láti ṣe é.

Nígbà tí a bá rí ohun tí bakitéríà ṣe, a ó dà á sórí sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ nínú àwo. Bí ó bá pa wọ́n, a ó dán an wò lára eku. Bí eku bá yè, a ó dán an wò lára ènìyàn díẹ̀ tí wọ́n yọ̀ǹda ara wọn, láti mọ ìwọ̀n tí ara lè gbà. Lẹ́yìn náà lára ènìyàn tí ó pọ̀ sí i, láti mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀, láti mọ̀ bóyá ó sàn ju oògùn tí ó ti wà lọ. Ní ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan ni púpọ̀ ti ń ṣubú. Bryostatin tí a ti sọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣubú bẹ́ẹ̀: ó ṣe wàhálà fún ara àwọn aláìsàn, kò sì mú jẹjẹrẹ kúrò bí a ti retí.

Ṣùgbọ́n ìṣubú kì í ṣe òpin nígbà gbogbo. Ní ọdún 1987, Pettit yìí kan náà kéde ohun kan tí ń jẹ́ dolastatin 10, tí ó rí lára ìgbín òkun aláìníkarahun kan tí a kó láti Òkun Índíà. Ní ọdún 2001 ni a rí ohun náà gan-an lára bakitéríà aláwọ̀ ewé tí irú ìgbín bẹ́ẹ̀ ń jẹ. Ìgbín kò ṣe é, ó jẹ ẹ́ ni. Májèlé náà le kọjá ohun tí ènìyàn lè gbà, bí a bá fún un ní òun nìkan. Kí ni àwọn ọ̀mọ̀ràn ṣe? Wọ́n ṣe ìbátan rẹ̀ kan, wọ́n sì so ó mọ́ ìránṣẹ́ kan tí ó mọ ojú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ dáadáa. Ìránṣẹ́ yìí kì í sábà tú ẹrù rẹ̀ kí ó tó dé ilé ẹni tí a rán an sí. Ní ọdún 2011 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí oògùn náà, brentuximab vedotin, fún irú jẹjẹrẹ kan tí ń mú àwọn kókó ọrùn àti abíyá, ó sì ti ran ọ̀pọ̀ ẹni tí oògùn mìíràn kò ràn mọ́ lọ́wọ́. Láti 1987 sí 2011, ọdún mẹ́rìnlélógún ni. Ọmọ tí a bí ní ọdún tí a kéde rẹ̀ ti tó ọkọ tàbí aya fẹ́ kí oògùn tó dé ọwọ́ aláìsàn.

NÍ ẸKÙN TIWA

Ẹnìkan lè béèrè pé, kí ni ó kan àwa tí a wà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfríkà? Ó kàn wá púpọ̀. Ní ilẹ̀ Gánà, Kwaku Kyeremeh ti Yunifásítì Gánà ní Legon, pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Aberdeen ní ilẹ̀ Skọ́tíláǹdì, bu ẹrẹ̀ láti àárín àwọn igi àbàtà etí odò Butre, wọ́n sì rí bakitéríà kan nínú rẹ̀. Ní ọdún 2014 wọ́n kéde ohun tuntun tí ó ń ṣe, wọ́n sì fi orúkọ odò náà sọ ọ́ ní butremycin. Butremycin kì í ṣe oògùn jẹjẹrẹ. Agbára rẹ̀ sí àwọn kòkòrò àrùn náà kò sì pọ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ẹrẹ̀ etí omi tiwa ní àwọn òṣìṣẹ́ tí ayé kò tíì mọ̀, àti pé ọmọ Áfríkà lè wá wọn rí.

Ìpínlẹ̀ Èkó ní òkun, ó ní ọ̀sà, ó ní àbàtà oníyọ̀. Láti ọdún 1975 ni ìjọba àpapọ̀ ti dá ilé ìwádìí nípa òkun àti ẹja sílẹ̀ ní Victoria Island. Adéhùn Nagoya ti ọdún 2010, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2014, sì fi lélẹ̀ pé ẹni tí ó bá fẹ́ mú ohun abẹ̀mí orílẹ̀-èdè kan lọ ṣe ìwádìí gbọ́dọ̀ gba àṣẹ, kí ó sì fún àwọn onílé ní ìpín nínú èrè. Nítorí náà, ọmọ wa tí ó bá fẹ́ràn ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, ẹ má ṣe sọ fún un pé iṣẹ́ òyìnbó ni.

Àwa ará Baruwa ní ìdí pàtàkì láti fetí sí ọ̀rọ̀ omi. Láti àwọn ọdún 1990 ni epo bẹntiróòlù tí ó jò láti inú páìpù abẹ́ ilẹ̀ ti wọ inú kànga ọ̀pọ̀ ilé ní àdúgbò yìí, tí àwọn ènìyàn sì ń fa omi tí òórùn epo ń jáde nínú rẹ̀. Nínú bẹntiróòlù ni ohun kan wà tí ń jẹ́ benzene. Àjọ àgbáyé tí a ti mẹ́nu kàn ní ìbẹ̀rẹ̀ kà á mọ́ àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Omi tí ó bá ń rùn bẹ́ẹ̀ kò yẹ fún mímu tàbí fún oúnjẹ ọmọdé. Síse kò sọ ọ́ di omi mímu, gbígbé e sórí iná sì léwu. Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ti rí: nínú omi ni a ti rí àpẹẹrẹ oògùn tí ń bá jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ jà, ọwọ́ ènìyàn sì lè da ohun tí ń fa àrùn kan náà sínú omi. Ẹni tí ń da epo ọkọ̀ àti ìdọ̀tí sínú gọ́tà tí ó ṣàn lọ sí ọ̀sà lè máa pa òṣìṣẹ́ tí a kò tíì mọ orúkọ rẹ̀.

ÌMỌ̀RÀN FÚN ÀWỌN ILÉ

Nínú gbogbo ohun tí a ti sọ, ẹ̀yin olùkàwé wa yóò ti rí i pé májèlé ni àwọn oògùn wọ̀nyí. Ìwọ̀n ni ó sọ wọ́n di oògùn, ìwọ̀n náà sì wà lọ́wọ́ dókítà tí ó mọ oríṣi jẹjẹrẹ náà, tí ó mọ ìtẹ̀wọ̀n aláìsàn, tí ó sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti ìgbà dé ìgbà. Oògùn tí ó wo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ lè má jẹ́ èyí tí ó wo jẹjẹrẹ ọmú. Nígbà náà, ẹni tí ó bá dúró nínú ọkọ̀ tí ó ní ìgò kan ṣoṣo wo jẹjẹrẹ, jẹ̀díjẹ̀dí, ìtọ̀ ṣúgà àti àìrọ́mọbí pa pọ̀, ẹ bi í léèrè pé ta ni ó dán an wò lára rẹ̀, àti fún ọdún mélòó? Bí ó bá sọ pé omi òkun ni ó fi pò ó, ẹ rántí tọ́ọ̀nù kan àti gíráàmù kan. Kò sí ẹni tí ó lè bu omi òkun sínú ìgò kí ó sì rí oògùn jẹjẹrẹ nínú rẹ̀.

Ewu tí ó tóbi jù nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀ ni àkókò tí ó ń jẹ. A ti bẹ àwọn ilé wò níbi tí kókó kékeré nínú ọmú ti di egbò ńlá nígbà tí a ń ti ọwọ́ aláàgbo kan bọ́ sí òmíràn. Kókó nínú ọmú tàbí ní ọrùn tí kò lọ, ẹ̀jẹ̀ tí ń jáde lójú ara obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dúró, egbò tí kò jinná, ara tí ń rù láìnídìí, ọmọdé tí àgbọ̀n rẹ̀ ń wú kíákíá: ẹ má ṣe fi wọ́n pamọ́ nítorí ìtìjú tàbí ìbẹ̀rù owó. Ẹ lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà nítòsí, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì kọ ìwé fún yín bí ó bá yẹ kí ẹ lọ síwájú. Láti ọdún 2019 ni a ti ṣí ilé ìtọ́jú jẹjẹrẹ NSIA-LUTH ní Ìdí-Àràbà ní Èkó yìí. A kò sọ pé owó rẹ̀ kéré. Ohun tí a ń sọ ni pé àrùn tí a bá tètè bá níbi tí ó ti kéré máa ń gba owó kékeré ju èyí tí ó ti tàn káàkiri, ìrètí rẹ̀ sì pọ̀ jù. Ẹbí àti ìjọ tí ó ń dá owó fún ìsìnkú lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá a fún ìtọ́jú nígbà tí ẹni náà ṣì wà láàyè.

Àrùn ni à ń wò, a kì í wo ikú. Bí a ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, òmùwẹ̀ kan ń rì sínú òkun níbì kan láti bu ẹran kékeré wá sókè, ẹlòmíràn sì jókòó ti awò rẹ̀, ó ń wá àlejò inú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé yìí, kí ó kà á fún ẹni tí kò mọ̀wé nínú ilé rẹ̀, pàápàá jù lọ fún ìyá àgbà tí ó ti ń fi ọwọ́ bo ohun kan mọ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ tí kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni.